Bùláòsì Múlíkátù

Ẹni tó bá sọ fún yín pé àjò dùn, ẹ bi í bóyá ó ti gbé inú ilé onílé rí. Èmi ti gbé e. Mo kúrò ní Ṣábẹ, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lọ́dún tí àwọn ará ilé ọkọ mi ní kí àbúrò olóògbé ọkọ mi wá ṣú mi lópó. Ọkùnrin tí kò lè tún ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n ní kó wá jogún mi. Mo fi ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo sọ́dọ̀ ìyá mi, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo bá ọ̀nà Nàìjíríà lọ. Bí mo ṣe rìn ín kò kan ẹnikẹ́ni. Ìlú tí mo dé sí wà láàárín Ṣakí àti Ìjìó. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù o. Àwọn tí mo fẹ́ bú níbẹ̀ kò tó ẹni tí à ń kọ orúkọ ìlú wọn sínú ìwé ni.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé Yorùbá ni mí, Yorùbá sì ni wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ra búrẹ́dì lọ́jà, mo pè é bí àwa ṣe ń pè é láti inú èdè Faransé. Obìnrin tó ń tà á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè bí òmùgọ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Ìyá Kútọnu. N kò dé Kútọnu rí láyé mi. Lójú tiwọn, ohunkóhun tó bá ti kọjá ẹnubodè, Kútọnu ni.

Mo gba yàrá kan nínú agbo ilé kan, mo gbé ẹ̀rọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Owó epo rọ̀bì ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá aṣọ. Àwọn obìnrin tí kì í kí mi láàárọ̀ ló ń bọ́ aṣọ níwájú mi lọ́sàn-án kí n lè wọ̀n wọ́n. Ẹni tí kò kà ọ́ sí ènìyàn kì í tijú rẹ. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí i: ẹ̀yìn tó wú, apá tó dúdú, ojú bẹ́líìtì lára itan. Mo á ní, "Kí ló ṣe ọ́ níbí?" Wọn á ní, "Mo ṣubú ni." Irú ìlú wo nìyẹn, tí gbogbo obìnrin ń ṣubú, tí ọkùnrin kan kì í ṣubú? Àfi bíi pé obìnrin nìkan ni ilẹ̀ wọn ń yọ̀ fún.

Lọ́dún kìíní, mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kan láti fi tẹlifóònù pe ilé. Akọ̀wé tó jókòó tì í bi mí pé níbo. Mo ní Ṣábẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ohùn mi tó dé Ṣábẹ, ó ní láti dé Ìbàdàn, kó dé Èkó, kó ré òkun kọjá lọ sí ìlú àwọn Faransé, kó tó wá ṣẹ́rí padà. Ìlú tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé ènìyàn dé kí oòrùn tó wọ̀! Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Mo padà lọ nígbà méjì sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan dáhùn ní Faransé, mo dárúkọ ìyá mi fún un, mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi ránṣẹ́ pè é. Ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí mò ń fi í rán awakọ̀. Mo á sọ fún ìyá mi pé ara mi le, pé àwọn ènìyàn ìlú náà fẹ́ràn mi. Irọ́ gbuu. Òun náà á fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ padà: ara òun le, ọmọ mi ń jẹun, kò sí wàhálà. Láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ mo á gbọ́ tó ń wúkọ́, ikọ́ tí kì í ṣe ti eruku. Bí a ṣe ń parọ́ fún ara wa nìyẹn. Bí mo bá ti pa ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì náà tán, mo á sunkún, mo sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lòun náà ń ṣe.

Ní ọdún kẹta mi ni Lọ́yà dé. Agùnbánirọ̀ ni, ọmọbìnrin kúkúrú kan láti ìhà Oǹdó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé òfin tán, tí ìjọba ní kó wá fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní kó máa kọ́ ọmọ ilé-ìwé girama. Ó wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá òun dín ìbàdí ṣòkòtò kákí tí wọ́n fún un. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, obìnrin kan wọlé, ètè rẹ̀ ti là. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ṣubú ni.

Lọ́yà wò ó. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọwọ́ ta lẹ ṣubú lé?"

Ẹnikẹ́ni kò bi obìnrin náà ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó bú sẹ́kún, kò sì lè dákẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Lọ́yà ti ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní gbogbo Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Òun á máa sọ ohun tí òfin wí. Èmi á máa kọ ohun tí àwọn obìnrin bá sọ sílẹ̀ ní Yorùbá, nítorí àwọn àlùfáà ìjọ ti kọ́ mi ní ìwé láti kékeré, bí Lọ́yà bá sì sọ Yorùbá Oǹdó tirẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á fi í rín. Èmi náà ni mò ń mú wọn lọ fún ìwé dókítà, tí mò ń bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ará ìlú kò rí ohun tí wọ́n lè pe èyí. Wọ́n ní ọkọ ni Lọ́yà ń wá. Wọ́n ní èmi ń wá ẹni tí a jọ máa dá gbé ni. Pé ènìyàn lè ṣe ohun tó dára kó má sì gba nǹkan kan, kò wọ inú orí wọn.

Sájẹ́ǹtì kan wà ní àgọ́ náà, ọkùnrin oníkùn kan, gbólóhùn kan ṣoṣo ló mọ̀: "Ọ̀rọ̀ ilé ni." Etí tó ya, ọ̀rọ̀ ilé. Ojú tó fọ́, ọ̀rọ̀ ilé. A mú ọmọbìnrin kan lọ, tí ọ̀gá ibi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ irun dídì fún ọkọ ara rẹ̀ láàyè láti fi ipá bá a lò pọ̀. Sájẹ́ǹtì ní, "Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ lọ parí ẹ̀ nílé." Lọ́yà bi í pé ilé ta ni, nígbà tí ọmọ náà kò bá ọkùnrin náà gbélé, tí kì í sì í ṣe ọkọ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ronú, ó họ ikùn. Lọ́yà jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ní òun kò ní dìde títí wọ́n á fi kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi náà jókòó tì í. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí iyán Sájẹ́ǹtì ti ń tutù nílé, ó kọ ọ́. Kì í ṣe àánú ló mú un kọ ọ́, ebi ni. Wọ́n mú ọkùnrin náà, adájọ́ kan ní Ìbàdàn sì rán an lẹ́wọ̀n. Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé, mo rìn gba àárín ọjà kọjá, mo kí gbogbo ẹni tí kì í kí mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àgbà ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi. Wọn á jókòó, wọn á gba omi mu, wọn á ní, "Ìyá Kútọnu, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Wọn á sọ ọ́ bíi pé a kò gbọ́ òwe náà rí ní Ṣábẹ. Mo á bi wọ́n pé àwọn tó ń lu ìyàwó wọn bí ẹni lu ẹran yẹn, ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń bára wọn ṣe kí wọ́n tó lọ sí kóòtù? Wọn á mi orí, wọn á ní ẹnu mi mú jù fún àlejò.

Mo máa ń rò ó pé jíjẹ́ àlejò náà ló jẹ́ kí n lè ṣe é. Obìnrin ìlú kò lè jẹ́rìí. Ọkùnrin tí obìnrin bá fẹ́ jẹ́rìí ta kò, ilé ọkùnrin náà ni ẹ̀gbọ́n obìnrin ń gbé, oko rẹ̀ ni bàbá obìnrin náà ń dá. Wọ́n ti so mọ́ ara wọn bí ìdì igi. Èmi ò ní ẹnì kankan níbẹ̀ tí wọ́n lè fi mú mi. Mo ń fi èyí yangàn nínú ọkàn mi. Èmi náà gọ̀, ẹ má rò pé àwọn nìkan ni. Àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n ti ẹnubodè pa, wọ́n ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé máa lọ sílé. Èmi ò sì ní ìwé kankan. Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ aránṣọ? Mo dákẹ́, mo ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, mo ń pe búrẹ́dì bí wọ́n ṣe ń pè é. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀.

Láàárín ìgbà yẹn ni Múlíkátù wá. Ìyàwó kejì Bàbá Ràfíù ni. Bàbá Ràfíù ló ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tó ń kó iṣu lọ sí Ìbàdàn, ẹsẹ̀ ìlà kìíní ló sì máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí. Ọmọ náà kò tíì ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ. Ọ̀sán gangan ló wọlé. Bùláòsì tí mo rán fún un ló wọ̀, aláwọ̀ ewé, tó ní kọ́là ńlá, tó ní kí n ṣe bíi tàwọn obìnrin Ìbàdàn. Ó ti ya láti ọrùn dé àyà. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti etí rẹ̀ sórí kọ́là náà. Kò sọ pé òun ṣubú.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"À ń kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́ pé mo ní mi ò fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. Mo ní ara mi ò yá, mo ní mi ò fẹ́. Bàbá Ràfíù gbá mi létí, ó wá ṣe ohun tó fẹ́ ṣe."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. A gbé e lọ fún ìwé dókítà. Dókítà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti rìnrìn-àjò, nọ́ọ̀sì fọ etí rẹ̀, ó ní òun kò lè fọwọ́ sí ìwé kankan. Lọ́yà wá sọ fún Múlíkátù pé, "Bùláòsì yìí ni ẹlẹ́rìí wa. Bó ṣe wà yìí ni kó ṣe dé kóòtù." Múlíkátù dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e fún ìyá rẹ̀ kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Làmídì, ló sá lọ, tòun ti ọmọbìnrin ọdún méjì tó ń pọ̀n.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tí Lọ́yà bá a pè, Múlíkátù àti ìyá rẹ̀ yọ sí wa ní iwájú kóòtù ìbílẹ̀. Mo fẹ́ẹ̀ má mọ̀ pé Múlíkátù ni. Ó fi láàlì sí ẹsẹ̀, ó lé tìróò, ó fi àtíkè bo gbogbo ibi tó wú lójú rẹ̀. Bùláòsì náà ló wọ̀. Ó mọ́ fónífóní. Wọ́n ti fi búlúù sí i, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ojú ibi tó ya ti pàdé, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi gán an, ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ǹ bá gba ẹni tó gán an síṣẹ́.

Lọ́yà ní, "Ta ló fọ̀ ọ́?"

Ìyá Làmídì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni, Lọ́yà. Ẹ ní bùláòsì gbọ́dọ̀ dé kóòtù, ó sì ti dé. Ṣé kí ọmọ mi wọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ lọ síwájú àwọn àgbà ni? Kí wọ́n ní kò ní ìyá? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́."

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Lọ́yà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó wù mí kí n bú ìyá náà, ẹnu mi sì ti là. Ṣùgbọ́n ìyá tèmi náà ìbá fọ̀ ọ́ ni. Wọ́n ti fi ojúlówó ẹ̀kọ́ kọ́ gbogbo wa pé ká má fi ìyà hàn, ká wẹ̀, ká wọ aṣọ tó mọ́ lé e. Àwọn tó ń jẹ wá níyà ni ẹ̀kọ́ náà ń ṣe lóore.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó láti dá ẹjọ́: ààrẹ kóòtù, ẹnì kan tó kàn ń jẹ obì, àti ọdẹ àgbà kan tó ń sùn. Bàbá Ràfíù na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Ẹ wò ó o. Ṣé ojú ẹni tí wọ́n lù nìyí? Ó ń dán ju aya ọba lọ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ààrẹ kóòtù bi Múlíkátù léèrè. "Ṣé ó ń fún ọ lóúnjẹ?"

"Wọ́n ń fún mi, sà."

"Ó ń dá aṣọ fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní mi ò fẹ́ lọ́jọ́ yẹn, sà, wọ́n fi agbára..."

"Ọkọ ẹni ló ń fi agbára múni? Olóko ha lè jalè nínú oko ara rẹ̀ bí?" Ó yíjú sí àwọn èrò kí wọ́n lè rí bí ọgbọ́n òun ti pọ̀ tó. "Ẹlẹ́rìí rẹ dà?"

Múlíkátù wò mí. Kí n tó mira, Bàbá Ràfíù ti sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ bínú. "Kí Ìyá Kútọnu dìde. Kó kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Kó wá fi ìwé tó fi ń gbé Nàìjíríà han ilé ẹjọ́."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Èmi tí ẹnu mi mú jù. Èmi tí mo fi ìlú odindi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo bàtà mi, mi ò dìde.

Wọ́n sún ẹjọ́ sí oṣù kan. Ààrẹ kóòtù ní kí Làmídì, ẹ̀gbọ́n Múlíkátù, mú un padà sílé ọkọ rẹ̀ kí ahọ́n àti eyín lè parí ìjà wọn. Dírẹ́bà ni Làmídì, ọ̀kan nínú ọkọ̀ Bàbá Ràfíù ló ń wà. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú bí ẹni tó ń mú ewúrẹ́ padà fún olówó rẹ̀, ó ní, "Ṣe sùúrù, àbúrò. Sùúrù ni baba ìwà." Bí mo ṣe ń pẹ̀gàn rẹ̀ nínú ọkàn mi, mo mọ̀ pé mi ò sàn jù ú. Òun ń bẹ̀rù nítorí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, èmi ń bẹ̀rù nítorí ìwé. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Mo jókòó tì í títí ojú kan fi yí tán. Irọ́ kankan kò wá sí mi lẹ́nu.

Oṣù náà kò pé kí Múlíkátù tó padà wá. Bàbá Ràfíù ti dá a lápá. Oníṣègùn egungun ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Mo retí pé yóò bú mi. Ìbá bú mi, ara mi ìbá fúyẹ́. Ó kàn jókòó.

"Ìyá, ẹ bá mi kọ èyí náà sílẹ̀."

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo ní, "Bùláòsì yẹn dà?"

"Ó wà nílé Màámi."

"Gbé e wá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ."

Ó gbé e wá. Mo yí inú rẹ̀ síta, mo fi ọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tí mo dé orí kọ́là ni mo dúró. Kọ́là kì í ṣe aṣọ ẹyọ kan. Awẹ́ méjì ni, aṣọ líle kan wà láàárín wọn kó lè nà dáadáa, mo sì ti fi ẹ̀rọ pa gbogbo etí rẹ̀ dé. Ọṣẹ lè dé ìta. Kì í sábà dé inú. Mi ò tú u. Mo ká a, mo fi í sábẹ́ orí sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ kejì, Lọ́yà fà mí sẹ́yìn. "Mà, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa fi ojú yín rí tí ẹ bá dìde. Ẹ lè má dìde o, mi ò ní bínú."

Mo ní, "Má jẹ́ kí n gbọ́ ìyẹn mọ́."

Mo dìde kí wọ́n tó pè mí. Mo sọ orúkọ mi, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí nínú ìlú náà láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Mo ní, "Ará Ṣábẹ ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mi ò ní ìwé. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí Bàbá Ràfíù má bàa ṣe wàhálà láti tún un sọ. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Èmi ni mo rán bùláòsì yìí."

Mo yí inú rẹ̀ síta níwájú wọn. Mo fi ibi tí ẹ̀rọ mi gbà hàn wọ́n, mo fi ibi tí abẹ́rẹ́ ọwọ́ gbà hàn wọ́n. Mo ní aṣọ kì í ya báyìí tí ènìyàn bá ṣubú. Àfi kí ẹnì kan di ọrùn rẹ̀ mú kó fà á. Ààrẹ kóòtù ní aṣọ lè ya níbikíbi. Mo wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá mi ní abẹ. Akọ̀wé kóòtù fún mi ní èyí tó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Mo tú kọ́là náà, fọ́nrán òwú kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ṣí i bí ènìyàn ṣe ń ṣí ìwé. Aṣọ líle inú rẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀. Àbàwọ́n tó wà lójú rẹ̀ báyìí fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó pọ́n bí obì tó gbó.

Ọdẹ àgbà tí mo rò pé ó ń sùn na ọwọ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi èékánná ha á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni."

Bàbá Ràfíù ní, "Ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ni. Àwọn obìnrin wọ̀nyí lè ṣe ohunkóhun."

Ọdẹ náà yíjú sí i. "Adìyẹ wo ló gun ìyàwó rẹ lọ́rùn, tó wá ṣẹ̀jẹ̀ sínú kọ́là tí wọ́n ti rán pa? Àbí adìyẹ náà ló tún dá a lápá?"

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, orí Bàbá Ràfíù ló bọ́ sí. Àwọn kan náà tó fi Múlíkátù rẹ́rìn-ín ní oṣù tó kọjá ló ń rín in. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ni wọ́n ń lọ.

Wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká. Wọ́n ní kí ọmọ máa wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí Bàbá Ràfíù má sì dé ojúlé Ìyá Làmídì mọ́. Ohun tó fi agbára ṣe, wọn ò mẹ́nu bà á rárá. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ẹnu ọkùnrin mẹ́ta lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ràfíù gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Làmídì.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n wá mú mi. Àgọ́ kan náà ni wọ́n gbé mi lọ, ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì oníkùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní lọ́la ni ọkọ̀ tó ń kó àlejò lọ sí ẹnubodè máa gbéra, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àfi bí ọmọ ìlú kan bá dúró fún mi, tó fi ọwọ́ sí i pé òun á máa mú mi wá títí ìwé mi á fi jáde. Lọ́yà kò lè ṣe é, àlejò lòun náà. Wọ́n ránṣẹ́ sí baálé agbo ilé tí mò ń gbé. Ó ní àyà ń dun òun. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọkùnrin mìíràn tí mo ti rán aṣọ gbogbo ilé rẹ̀. Ó ti lọ sóko. Ọjọ́ Jímọ̀ ni o, ọjọ́ tí kì í lọ sóko.

Múlíkátù wọlé, apá rẹ̀ ṣì wà nínú igi. "Èmi á dúró fún wọn."

Sájẹ́ǹtì ní, "Obìnrin kì í dúró fún ènìyàn níbí."

Lọ́yà ní, "Inú ìwé òfin wo ni wọ́n kọ ìyẹn sí?"

"Bó ṣe rí nìyẹn."

Múlíkátù ní, "Nígbà tí wọ́n ń dá mi lápá, ọkùnrin yín wo ló dúró fún mi?" Kò dúró gbọ́ èsì, ó jáde.

Nígbà tó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáṣá ló fi fa Làmídì wọlé ní apá aṣọ. Kò jọ pé ó bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Làmídì ń wo ilẹ̀. Ojú Sájẹ́ǹtì là. "Ẹ̀ẹ́n, ọkùnrin ti dé!" Ó sáré gbé ìwé àti tàdáwà wá. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú àbúrò rẹ̀ padà fún ẹni tó máa dá a lápá, òun ni ìjọba rí pé ó tó ẹni tó lè dúró fún ènìyàn. Ẹni tí apá rẹ̀ kán kò tó. Làmídì ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ síwèé, ó sì parí.

Sájẹ́ǹtì ní, "Ìyá Kútọnu, ṣé a kì í dúpẹ́ nílùú yín ni? Kúnlẹ̀ fún ẹni tó ṣe ọ́ lóore."

Làmídì gbé orí sókè, ó sì na àyà, ó ń retí mi. Mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí orúnkún mi tó kan sìmẹ́ńtì, mo ti kọ ẹ̀yìn sí i. Múlíkátù ni mo kọjú sí, ọmọdé tí mo fi ogún ọdún jù lọ. Orúnkún mi méjèèjì ni mo fi kúnlẹ̀ fún un.

Ó kígbe. "Ìyá, ẹ dìde! Ẹ má fi èpè sí mi lórí, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé!" Ó ń fi ọwọ́ kan fà mí lápá, ó ń sunkún. Sájẹ́ǹtì ń bi Lọ́yà pé kí ni èyí tí a ń ṣe yìí. N kò tètè dìde.